Pẹ́ńsù Bàbá Lórí Aṣọ Funfun

"Ta ló ní kí o máa pa iṣẹ́ mi rẹ́?" Màmá Akaiti bi ọmọ wọn láti orí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Ngavaine kò gbójú sókè. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi inú búrẹ́dì ra ojú aṣọ funfun náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu imú ọmọ ọwọ́. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo fẹ́ kó mọ́ ni."

"Ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwọ lò ń bà á jẹ́."

Tivaevae ni aṣọ náà, ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ńlá tí wọ́n fi aṣọ pupa gé òdòdó lé lórí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní erékùṣù Mauke ló bá Màmá rán an, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó kó lọ bá àwọn ọmọ wọn ní Auckland, ìlú ńlá kan lókè òkun. Teokotai ni àbúrò Ngavaine; ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó ọmọ náà ní Auckland níbẹ̀, Teokotai sì ti wálé wá gbé aṣọ. Bàálù rẹ̀ yóò gbéra lọ́sàn-án òní.

Àárọ̀ ni Ngavaine tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, ó wá lọ wa kókò lóko. Nígbà tí yóò fi dé, Màmá Akaiti ti tẹ̀ba lé aṣọ náà lórí, pẹ́ńsù lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ibi tó funfun láàárín òdòdó pupa ni wọ́n ti ya òdòdó mìíràn kún.

Ká má parọ́, inú Ngavaine kọ́kọ́ dùn. Ní gbogbo erékùṣù náà, kò sẹ́ni tó ń ya ewé bí ìyá rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ aṣọ síwájú wọn, wọn ò ní wọn ohunkóhun, ọwọ́ wọn á kàn máa lọ. Ngavaine ló sì máa ń di etí aṣọ mú fún wọn láti kékeré kí ó má baà sún. Láti ìgbà tí iyè wọn ti ń ra, wọn ò fọwọ́ kan pẹ́ńsù mọ́. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń pe Ngavaine gan-an ní "obìnrin yìí". Ló bá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kókò lápá, ó ń rò ó pé Màmá ti padà dé.

Ó wá fi ojú tọ igi òdòdó kan. Igi náà kọjá lára òdòdó, ó lọ títí dé etí aṣọ, ó yí padà, ó wọ inú ewé kan. Ewé yẹn tún bọ́ sínú òmíràn, kò sì sí èyí tó lópin. Kì í ṣe bí Màmá ṣe máa ń yà tẹ́lẹ̀ nìyí. Kókò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣì ń ra búrẹ́dì mọ́ aṣọ nígbà tí Teokotai wọlé, ó ti wọ bàtà ìrìnàjò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé aṣọ lẹ ń bọ́ lóúnjẹ ni?"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú búrẹ́dì ló ń gbé pẹ́ńsù kúrò lára aṣọ. Màmá ló kọ́ mi."

"Ó ti ń kúrò?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni." Irọ́ ló pa. Ìlà náà kàn ń fẹjú sí i ni.

"Ẹ fi omi ọṣẹ kàn án jàre. Àwọn àna wa ti gbé tivaevae tiwọn sílẹ̀ fún ìgbéyàwó. Ṣé kí ọmọ mi wá jókòó láàárín wọn bí ọmọ tí kò ní ilé bàbá ni?"

Ngavaine ki aṣọ kékeré bọ omi ọṣẹ, ó fún un, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé kan ní igun. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, ewé náà ti di elésè àlùkò. Lójú wọn báyìí ni àwọ̀ náà ń rìn wọ inú òwú, tó fi dé ara òdòdó pupa.

"Kí lẹ fi sínú omi yẹn?"

"Ọṣẹ lásán ni." Ó dìde, ó rọra gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Pẹ́ńsù kúkúrú ni, àpá eyín sì wà nídìí rẹ̀. Ti bàbá wọn tó ti kú ni, láti ayé ìgbà tí wọ́n ń kó ọsàn sọ́kọ̀ ojú omi. Òun ni bàbá fi ń kọ orúkọ sára àpótí ní èbúté. Bí omi òkun bá ta sí i, àwọ̀ rẹ̀ á jáde, á lẹ̀ mọ́ igi, kò sì ní kúrò mọ́ láéláé. Nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń lò ó.

"Tá ò bá wá fomi kàn án mọ́ ńkọ́?"

"Òógùn ẹni tó bá sùn sórí rẹ̀ á tú àwọ̀ náà jáde. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, Teo."

"Ṣé a ò lè ṣe òmíràn?"

"Ta ni yóò yà á?"

Àwọn méjèèjì wo ìyá wọn. Ìyá wọn ń wo adìẹ tó ń jẹ̀ níta.

Ngavaine bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ó kó àwọn aṣọ tó wà lókè kúrò, ó sì gbé tivaevae mìíràn láti ìsàlẹ̀ pátápátá, òdòdó funfun lórí aṣọ búlúù. Màmá nìkan ló rán ìyẹn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fi abẹ́rẹ́ kàn án. Nígbà tí iyè wọn ṣì pé, wọ́n di ọwọ́ Ngavaine mú: "Èyí ni kí ẹ fi wé mi sínú ilẹ̀. Má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ." Ngavaine sì búra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ìsìnkú Màmá nìyẹn. Mi ò lè gbé e."

"Gbé e."

"Kí la ó wá fi sin wọ́n?"

Ngavaine ń ká aṣọ búlúù náà.

Màmá Akaiti dìde, wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ náà lára. "Iṣẹ́ ńlá rèé. Ta ló ṣe é?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Obìnrin yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Wọ́n yíjú sí funfun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Èyí ni tèmi. Kò tíì parí."

Ngavaine ti rò pé wọ́n á bú òun, wọ́n á já aṣọ wọn gbà. Ìyẹn ì bá sàn fún un. Ẹni tó búra fún kò sí nílé mọ́, ó sì dùn ún dé egungun.

Teokotai gbé aṣọ búlúù náà jáde, ó lọ gun alùpùpù. Nígbà tí ìró alùpùpù rẹ̀ ti jìnnà, Ngavaine tẹ́ aṣọ funfun náà dáadáa, ó sún àga ìyá rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi pẹ́ńsù lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ máa bá a lọ, Màmá. Tiyín ni èyí."

Màmá Akaiti tẹ̀ba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara ewé tí omi ti bà jẹ́. Ngavaine jókòó sí òdìkejì, ó di etí aṣọ náà mú kí ó má baà sún.