Àánú Ojú Kámẹ́rà

"Ẹ sọ àpò ìrẹsì yẹn kalẹ̀ díẹ̀, ó ń bò yín lójú," Alhaji Jùbrílù ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àmínù sọ àpò náà kalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dorí kodò. Haleemah ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ méjèèjì sẹ́yìn ara rẹ̀. Ayàwòrán ò ya nǹkan kan, ó ń wo Alhaji.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́," Àmínù ní, "ẹ má ya ojú wa. Mo ti bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀."

"Ta ló fẹ́ dá ẹ mọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí? Àwọn tó dáwó fẹ́ rí ohun tá a fi owó wọn ṣe. Àbí o fẹ́ kí wọ́n pè mí lólè ni?"

Kí lẹni tó gbé ìrẹsì onírẹsì dání fẹ́ sọ? Àmínù gbójú sókè, wọ́n yà á.

Èmi Asiata ni mo gbà wọ́n sílé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ibi tí mo ti ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú. Tíṣà ni Àmínù nílé wọn ní Ìpínlẹ̀ Nìjẹ̀r. Àwọn oníbọn dáná sun ilé ìwé rẹ̀, ó mọ ojú wọn, ó sì dárúkọ wọn ní kóòtù. Wọ́n ní ibi yòówù kó sá sí, àwọn á wá a kàn. Ó sá dé Papalanto, ó ń ṣe lébìrà níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò mọ̀ bóyá ìyàwó òun ṣì wà láàyè. Nígbà tá a gbọ́ pé Haleemah àtàwọn ọmọ wà ní àgọ́ àwọn tógun lé kúrò nílé, àwa obìnrin alásàlátù mọ́ṣáláṣí la dá owó ọkọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Àmínù di ìyàwó rẹ̀ mú. Èmi tí wọ́n ń pè ní obìnrin bí ọkùnrin, mo sunkún bí ọmọdé.

Alhaji Jùbrílù ni alága ìgbìmọ̀ àánú mọ́ṣáláṣí wa. Ó ń du oyè Bàbá Àdínní, ẹlòmíì sì ń bá a dù ú, nítorí náà kò sí ohun tó fún wọn tí kò yà ní fídíò: ibùsùn, sálúbàtà, títí dórí ọṣẹ. Àwọn àgbà ní bá a bá ṣoore, ká má lóṣòó tì í. Alhaji ò lóṣòó o, àga ló gbé tì í.

Ní mọ́ṣáláṣí wa, a kì í gba sàráà ní kọ̀rọ̀. A gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó gbà á, orúkọ bàbá rẹ̀, àti ìlú rẹ̀, kí àdúà lè mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji ṣe pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde lọ́jọ́ Jímọ̀, ó pe orúkọ wọn tán pátá lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì fi fídíò náà sórí Fesibúùkù. Gbogbo wa ń ṣe kábàrà.

Kò pẹ́ tí ìyá Àmínù fi pè é láti ilé. Àwọn kan ti wá bá a, wọ́n fi fídíò ọmọ rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Wọ́n ní kó bá àwọn kí ará Abẹ́òkúta.

Mo gba ilé Alhaji lọ. "Ẹ yọ fídíò yẹn kúrò."

"Ìyá Aláàdìrẹ, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí ìwúyè kọjá ná."

Àtìgbà náà ni ara Àmínù ò ti lélẹ̀ mọ́. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dìde. Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ jáde ṣeré. Haleemah á fi ìko di aṣọ àdìrẹ tán, á tú u, á tún un dì. Èmi náà, bí oníbàárà bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

"Màmá," Àmínù wí fún mi, "èmi ni wọ́n ń wá. Bí mo bá kúrò, wọn ò ní da obìnrin àtọmọ láàmú."

"Ẹ jọ máa lọ."

"Sí ibo? Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé kéwú."

Ó kírun alásàrí tán, ó jáde bí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ bá a dé ojú títì kó tó dá a padà. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Wọ́n wé láwàní fún Alhaji. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ó tún kó ìrẹsì àti ayàwòrán wá.

"Ọkọ ẹ dà?" ó bi Haleemah.

"Ó ti lọ," mo dá a lóhùn.

Ó pòṣé. "Lẹ́yìn gbogbo ohun tá a ṣe fún un? Aláìmoore ọkùnrin." Ó wá kọjú sí kámẹ́rà: "Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, ẹ wo obìnrin tí ọkọ rẹ̀ já jù sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì..."

Ó ṣe mí bíi kí n da omi aró sí i lára. Mo ti dìde kí Haleemah tó di ọwọ́ mi mú. Ó jókòó sí iwájú kámẹ́rà, ó sì fi Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ yà á dáadáa, Bàbá Àdínní. Ẹ ya inú yàrá náà. Kí àwọn tó ń wá a rí i pé kò sí nílé."