Ìbẹ́pẹ Inú Jẹ́lì

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Sìdí kò jẹun kánú. Ṣíbí ògì mẹ́ta láàárọ̀, omi ẹran díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó parí. Ó ní oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí òun lára ní ọsibítù ti sọ gbogbo oúnjẹ di irin lẹ́nu òun. Nọ́ọ̀sì sì ti sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀: bí ó bá tún rù sí i nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò dá oògùn náà dúró ná.

Sàlàkọ́, ọkọ rẹ̀, kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí irú èyí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, yóò tú u, yóò wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, yóò sì tò ó padà. Ṣùgbọ́n èèyàn kò ṣeé tú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, Sìdí ló yanu sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá wọn ní Glyndon, ní London.

"Daddy Anisah, ó ń wù mí kí n jẹ tiráífù."

Sàlàkọ́ gbé ìwé ìròyìn tó ń kà sílẹ̀. "Èwo tún nìyẹn?"

"Èyí tí mo máa ń ṣe fún àwọn arúgbó ní care home nígbà ooru. Kéèkì á wà nísàlẹ̀, jẹ́lì á tẹ̀lé e, custard á wà lórí ìyẹn, kírímù á wá bò ó, pẹ̀lú sitirọ́bẹ́rì. Ó máa ń tutù lọ́fun. Ẹ má da ara yín láàmú o. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Iṣẹ́ ti délẹ̀ fún Sàlàkọ́ nìyẹn. Ó gbé abọ́ gíláàsì ńlá tí wọ́n fi ta Sìdí lọ́rẹ nígbà tó kúrò níbi iṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó nù ún, ó sì pe Anisah ọmọ wọn tó ń gbé ní Leeds, ẹni tí Yorùbá rẹ̀ kò ní 'ẹ' nínú.

"Daddy, ìwọ? Trifle?" Ẹ̀rín ni Anisah kọ́kọ́ fi dáhùn. Nígbà tó rántí ìdí tí bàbá rẹ̀ fi ń béèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀. "OK. Kọ ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí jelly kọ́kọ́ dì kó o tó da custard lé e. Má kánjú o, Daddy. Tó o bá kánjú, gbogbo ẹ̀ máa di ọbẹ̀."

Sàlàkọ́ gba Ridgeway lọ, ọ̀nà gíga tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti Plumstead dé Thamesmead, níbi tí búlákíbẹ́rì, èso dúdú kéékèèké, ti ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó já a kún ike áísíkiriimù kan. Ẹ̀gún fa ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ya, kò kà á sí. Láti ibẹ̀ ló ti yà sí ṣọ́ọ̀bù Hámzàt ní Plumstead High Street, ó ra sitirọ́bẹ́rì, ó sì mú páálí jẹ́lì kan yẹ̀ wò.

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Awọ àti egungun màlúù ni, Uncle. Halal ni, ẹ wo àmì ẹ̀ níbí." Hámzàt wo inú agbọ̀n rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ti wọ kitchen?"

"Wọ́n ti lé mi débẹ̀."

Bó ṣe fẹ́ máa lọ ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ìbẹ́pẹ kan tó ń pọ́n bọ̀. Sìdí fẹ́ràn ìbẹ́pẹ ju èso késo lọ. Ó mú un pẹ̀lú.

Nígbà tó délé, ó gé kéèkì tẹ́ sí ìsàlẹ̀ abọ́, ó gé ìbẹ́pẹ wẹ́wẹ́ lé e, ó tò ó bí ẹni ń to bíríkì. Ó fi omi gbígbóná yọ́ jẹ́lì, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dà á sí i, ó sì gbé e sínú fìríìjì. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ó mi abọ́ náà. Omi ni. Kéèkì ti léfòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tún padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Uncle, ṣé gbígbẹ lẹ ń jẹ jẹ́lì ni?" Hámzàt béèrè.

"Fún mi ní mẹ́ta. Má bá mi ṣeré."

Ó tún to kéèkì àti ìbẹ́pẹ, ó dín omi kù lọ́tẹ̀ yìí, ó sì yí fìríìjì kí ó tutù sí i. Omi náà ni. Láti yàrá, Sìdí ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn fìríìjì ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ògì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣíbí méjì péré ló mu níbẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí Sàlàkọ́ jókòó sí kíṣìnì, kó ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ro ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ dáhùn. A kì í yí nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bu jẹ́lì sínú kọ́ọ̀bù mẹ́ta: ọ̀kan lásán, ọ̀kan pẹ̀lú sitirọ́bẹ́rì, ọ̀kan pẹ̀lú ìbẹ́pẹ. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, méjì ti dì gbagidi. Ti ìbẹ́pẹ ń ṣàn.

Ó di kọ́ọ̀bù náà mú, ó ń wò ó, ó sì rántí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ẹran òbúkọ bá le, ìyá rẹ̀ a gé ìbẹ́pẹ tútù sí i, a fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó gbé e kaná, ẹran náà a sì rọ̀ bí ẹ̀wà. Awọ àti egungun màlúù ni jẹ́lì. Ẹran náà ni. Ìbẹ́pẹ ló ń jẹ ẹ́.

Ó tún rántí ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ: bí ìkòkò bá ti hó, ẹ má wulẹ̀ fi ìbẹ́pẹ sí i mọ́, kò ní ṣiṣẹ́ kankan. Ó jẹ́ pé iná ń pa agbára rẹ̀ nìyẹn. Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín lóun nìkan, ó gé ìyókù ìbẹ́pẹ náà, ó sì bọ̀ ọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé abọ́ gíláàsì náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìpele kọ̀ọ̀kan hàn kedere: kéèkì, jẹ́lì pupa tí ìbẹ́pẹ dúró sí nínú, custard, kírímù, sitirọ́bẹ́rì àti búlákíbẹ́rì lórí. Ó bu díẹ̀ sínú àwo kékeré. Sìdí tọ́ ọ wò. Sàlàkọ́ ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tún bù.

"Custard yìí ki jù," ni Sìdí wí. Ó bu ẹ̀kẹta. "Ẹ bọ ìbẹ́pẹ ẹ̀?"

"Mo bọ̀ ọ́."

"Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé care home, pineapple tútù ni mo kó sí tèmi. Abọ́ méjì ni mo dà nù, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Sàlàkọ́ tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ obìnrin yìí. O mọ̀?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti rí ìbẹ́pẹ lórí tábìlì."

"O sì ń gbọ́ bí mo ṣe ń bá fìríìjì jà?"

"Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, jíjókòó lẹ̀ ń jókòó tẹ̀ ń wò mí. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan tú. Ṣé kí n wá gbà á lọ́wọ́ yín ni?"

Sìdí ha àwo náà mọ́, ó sì nà án sí Sàlàkọ́.

"Ẹ bu sí i fún mi. Ẹ ra ìbẹ́pẹ míì lọ́la. Eléyìí ò lè tó mi di Ọjọ́bọ̀."