Orúkọ Tí Sàdíátù Kò Lè Pè

Ní ọdún 1991, mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà nínú yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Òkè Pópó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin bá ti dé láti ọjà Balógun àti ti Ìdúmọ̀tà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Sàdíátù, ìyàwó ọmọ mi, wà lára wọn. Ọmọ mi náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣàìsàn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa, èmi ni mo sì kọ́kọ́ dákẹ́. "Olóògbé" là ń wí.

Sàdíátù ń bá ìyá kan ta bọ́tìnì àti síìpù. Ilé ìgbẹ̀bí kan fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá pé ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè kà á. Bí oṣù bá fi parí tí kò rí i mú wá, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbà. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún un, ìyẹn ti ẹnu.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò náà, mo kọ́ wọn ní kọ́mọ̀n náùn àti própà náùn. Mo ní kọ́mọ̀n náùn ni orúkọ tí gbogbo ohun tó jẹ́ irú kan náà jọ ń jẹ́: ọjà, ìlú, obìnrin. Própà náùn ni èyí tí a fi ń dá ọ̀kan mọ̀ láàrin wọn: Balógun, Èkó, Hàlímọ̀.

Hàlímọ̀ tó ń ta bàtà nawọ́ sókè. "Tíṣà, tí mo bá pe ọkọ mi ní òbúkọ ńkọ́?"

"Kọ́mọ̀n ni."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní kí Sàdíátù dárúkọ ẹni mẹ́ta nínú ilé wa. Ó ní Ìdílẹ̀kẹ̀, Lọ́yà àti Arẹwà. Kò sí ẹni tí wọ́n sọ ní bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa. Adéníkẹ́ ọmọ mi ló ń pè ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Àbúrò mi Kàsímù ni Lọ́yà; káfíńtà ni. Arẹwà ni àbúrò mi obìnrin, tí eyín mẹ́ta ti ká níwájú ẹnu rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ; orúkọ tuntun ló máa ń fún wọn. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi náà ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Mo fún Sàdíátù ní máàkì rẹ̀.

Mísìsì Priscilla ni ìjọba ìbílẹ̀ rán wá ṣe ìdánwò. Ọmọ Olówógbowó ni, àdúgbò àwọn tó ń ṣe bí òyìnbó. Ìbéèrè márùn-ún ló wà lórí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì dáhùn gbogbo rẹ̀ kò yege. Sàdíátù dáhùn mẹ́rin láìkọsẹ̀. Ìkarùn-ún bèèrè orúkọ ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi ni," Sàdíátù fi gẹ̀ẹ́sì wí.

"Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ni. Kí ló ń jẹ́?"

"Bọ̀dá mi."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ni àbí ọkọ rẹ?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ilé ni. Kò lè pè é."

"Èmi máa ń pe ọkọ mi ní Raymond. Ó máa ń dáhùn."

"Tiyín ń dáhùn, Àǹtí. Tirẹ̀ ti kú."

Ẹ̀rín tán. Mísìsì Priscilla yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ní ṣùgbọ́n mẹ́rin kì í ṣe márùn-ún.

Sàdíátù wò mí. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́. Iwájú mi gan-an ni kò ti lè pe ọmọ mi bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Mo gbà ọ́ láàyè," mo ní. "Pè é."

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ ti ìwé ẹ̀rí ni, kó máa lọ."

Mísìsì Priscilla kọjú sí mi. "Bàbá Tíṣà, ọ̀nà kan wà. Tí mo bá mọ orúkọ náà, mo lè bi í bóyá òun ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn nìyẹn náà. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Mo ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Mo nu pátákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí a kọ sí i. Èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ. Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Kàdúná nígbà tí wọ́n bí i, inú lẹ́tà ni mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

"Tíṣà, wọ́n ń dúró dè yín," Hàlímọ̀ ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Àbídèmí," mo ní.

Mísìsì Priscilla ní òun kò gbọ́. Mo tún un pè, ohùn mi sì ròkè ju bí mo ṣe rò lọ. Ó bi Sàdíátù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Sàdíátù fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn. "Ohun tó ń jẹ́ nìyẹn."

Mísìsì Priscilla fi àmì sí i pé ó yege, ó ní ìwé ẹ̀rí á jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì pe ẹni tó kàn.

A gba Ìdúmágbọ̀ lọ sílé. Ẹ̀yìn mi ló ń rìn, bó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá."

"Kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

Mo bi í pé ṣé ìdánwò ò tíì tán ni. Ó ní ó ti tán. Ó ní òun ò lè pè é, àwọn tó sì lè pè é nílé kì í pè é; ọdún kan àti oṣù méjì rèé, òun ò gbọ́ ọ létí àfi lónìí.

Mo sọ fún un pé títì kọ́ la ti ń pe orúkọ ènìyàn. A kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tàbí márùn-ún.

"Àbídèmí," mo ní.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo tún un pè. Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Adéníkẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú èmi àti Sàdíátù.

"Bàbá, ta lẹ ń pè?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ," mo ní. "Bu omi wá fún wa."