Kíláǹpù Ìyá Pinpin

Ègé ike dúdú kan ló gún Ìyá Pinpin ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Eyín kíláǹpù ni. Ojú ibi tó ti kán ṣì ń dán, kò tíì dọ̀tí rárá, a jẹ́ pé àárọ̀ yìí gan-an ló kán. Kíláǹpù kan ṣoṣo ló sì fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí: ti ọmọbìnrin rẹ̀.

Ọmọ náà ti wà lójú omi.

Ní ṣọ́ọ̀bù etí òkun yìí, níbi tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní pátákó onígbòkun tí wọ́n fi ń sáré lórí omi, Ìyá Pinpin ló ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kíláǹpù ló ń so ọ̀pá ìdìmú mọ́ òpó ìgbòkun. Bó bá já, ìgbòkun ò gbọ́ràn mọ́ nìyẹn, atẹ́gùn á sì gbé èèyàn lọ síbi tó bá wù ú. Mẹ́rin ló ti kán lóṣù yìí. Ìyá Pinpin ti bú àwọn tó ṣe é títí, ó ní ike wọn ò jọ ike. Òun fúnra rẹ̀ kì í dẹ́kun yíyí bóòtù tó fi ń de kíláǹpù àfi tí kíláǹpù bá ké "ká!" Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Pinpin nìyẹn, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn.

Ó rántí "ká" ti àárọ̀ yìí. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú agbami. Ó ka àwọn ìgbòkun, ó tún wọn kà. Ti ọmọ rẹ̀, funfun onílà dúdú, kò sí níbẹ̀.

"Ẹ tan ọkọ̀!" ló ké sí olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn oníbàárà. "Ọmọ mi ò sí níbẹ̀! Kíláǹpù rẹ̀ ti kán!"

Olùkọ́ ò tíì dé ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà tí ìgbòkun funfun fi yọ lẹ́yìn àpáta. Ó ń gbọ̀n, ó ń dà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ìyá Pinpin wọ omi dé orúnkún.

Nígbà tí ọmọ náà gúnlẹ̀, okùn ló so ọ̀pá mọ́ òpó, ó ti wé e yípo bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà.

"Ẹ má bínú, Màmá," lọmọ rẹ̀ wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ó já mọ́ mi lọ́wọ́."

"Níbo lo ti rí okùn?"

Ọmọ náà wo omi. "Ó máa ń wà ní ìbàdí mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Màmá. Mo sì máa ń dẹ bóòtù yẹn díẹ̀ kí n tó wọ omi, kí ike má baà kán. Òní ni mo gbàgbé."

Ìyá Pinpin fẹ́ bínú, ó wá ìbínú náà tì. Àràárọ̀ lọmọ yìí ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Màmá, ó le dáadáa." Lẹ́yìn náà, á lọ yọ́ dẹ̀ ẹ́ kí ojú má baà ti ìyá rẹ̀. Ó dùn ún wọra.

Ó yíjú sí olùkọ́. "Ẹ pe gbogbo àwọn tó kù lójú omi wálé."

"Kí ló dé?"

"Èmi náà ni mo de kíláǹpù wọn lánàá."

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kíláǹpù tuntun kalẹ̀, ó sì na sípánà sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ dè é. Jẹ́ kí n wo ibi tí o ti máa ń dúró."

Ọmọ náà yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Ọwọ́ Ìyá Pinpin ń yún un láti yí i sí i. Ó ká méjèèjì mọ́ àyà.