Eegun Òkun Tí Kàmál Kùn

Bí ẹ bá dé Gawon Nama ní Ṣókótó tí ẹ béèrè Kàmál péńtà, kò sí oníkẹ̀kẹ́ tí kò ní gbé yín dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Mọ́tò ló ń kùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú oòrùn ìlú náà, oòrùn ò sì rí nǹkan kan ṣe sí ọ̀yàyà rẹ̀. Àlébù kan ṣoṣo ló ní: ojú rẹ̀ kì í gba ohun tó bá rí wúruwùru. Bútà tí Husseinat ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá, ó ti kùn ún. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ onílé wọn, ó ti kùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Husseinat a máa sọ pé bí òun bá sùn gbàgbéra lọ́sàn-án, òun lè jí kí òun bá ara òun ní àwọ̀ ewé.

Muhsinah nìkan ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọmọ náà mọ̀wé, ó sì gba ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbà rí. Ó ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì, lórí àwọn ẹranko tó kú láti ayébáyé tí eegun wọn ti di òkúta nínú ilẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé òkun ló bo Ṣókótó nígbà kan rí, pé ẹranko bí ọ̀nì ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó àlùbọ́sà sọ́kọ̀ lónìí, Kàmál rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kai! Òkun? Ní Ṣókótó yìí tí à ń ra omi nínú jálá?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn parí lọ́jọ́ tí Sùlè, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Kalambaina, rí eegun kan nínú ilẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ pe Muhsinah. Eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ni, ó tóbi tó búrẹ́dì onígba náírà àtijọ́, ó wúwo, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì bò ó káàkiri. Muhsinah fi ìborùn rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun, ó gbé e wálé.

Eegun ti dé, owó ò sí. Ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ríran wọ inú òkúta, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì sí nítòsí. Muhsinah wá ìrànwọ́ kiri lórí fóònù rẹ̀ títí ojú fi ń ta á. Àjọ kan ní àwọn ọmọ ìlú tàwọn nìkan làwọn ń fún. Òmíràn ní kó kọ́kọ́ gba oyè dókítà ná. Ẹ̀kẹta ní kó san owó fọ́ọ̀mù kí àwọn tó fún un lówó, ó sì mọ̀ pé gbájúẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, àjọ kékeré kan lókè òkun tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá eegun àtijọ́ lọ́wọ́. Bí èyí náà bá bọ́, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kasarawa ti bá a di ipò tíṣà mú. Yóò lọ máa kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, ìwádìí rẹ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

"Bàbá mi, Ọjọ́bọ̀ ní ọ̀sán ni àjọ náà máa ti fọ́ọ̀mù wọn pa," ó sọ fún Kàmál ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Lẹ́tà ọ̀gá mi àti fọ́tò eegun ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàdúrà."

Kàmál ṣàdúrà. Ì bá dára ká ní ó dúró lórí àdúrà.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Muhsinah lọ gba lẹ́tà ní yunifásítì. Kàmál jókòó ti tábìlì, ó ń mu kókò, ó sì ń wo eegun náà. Bó ti ń wò ó ni ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́. Ṣé nǹkan elẹ́rẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò fún òyìnbó? Ẹni tó bá fẹ́ ta mọ́tò, ọ̀dọ̀ òun kọ́ ló kọ́kọ́ ń gbé e wá kí ojú rẹ̀ lè mọ́? Ó dìde. Ó fi ọ̀bẹ kékeré ha ẹrẹ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó fi tínà, omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà, nu eegun náà, ó wá fi fáníìṣì tó ń mú nǹkan dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, ẹ lè fi wo ojú yín. Kàmál dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó wù ú bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà.

Muhsinah wọlé ní ọ̀sán. Ó rí eegun náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá mi, kí lẹ ṣe?"

"Mo bá ọ tún un ṣe ni. Wò ó bó ṣe ń dán!"

"Ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dà?"

"Ẹrẹ̀ kẹ̀?"

"Bàbá, ìkarawun wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, kéékèèké, kò tó hóró iyọ̀. Àwọn la fi máa mọ ìgbà tí ẹranko yẹn gbé ayé. Gbogbo ohun tí mo kọ, orí ẹrẹ̀ yẹn ló dúró lé." Ó bá bú sẹ́kún.

Oríṣiríṣi oníbàárà ló ti bínú sí Kàmál rí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò bínú, ẹkún ló ń sun, ìyẹn ló sì dun Kàmál jù. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí nǹkan kan.

"Ẹrẹ̀ yẹn ò sọnù o," ó ní. "Ó wà nínú agolo."

Kì í ṣe pé ó gbọ́n. Àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohunkóhun tó bá ha kúrò lára mọ́tò, kì í dà á nù títí onímọ́tò yóò fi gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí oníbàárà kan ti fẹ̀sùn kàn án rí pé ó ha ọ̀dà tí ọkọ̀ òun bá wá láti òkè òkun kúrò, kò sì rí ẹ̀rí gbé kalẹ̀. Muhsinah ṣí agolo mílíìkì náà. Ẹrẹ̀ náà wà níbẹ̀, ní gbígbẹ, tínà kò kàn án.

"Alhamdulillah," ló ń wí ṣáá.

Síbẹ̀, fáníìṣì wà lára eegun. Fọ́ọ̀mù náà sì ní ìbéèrè kan: kí lẹ ti ṣe sí eegun yìí láti ìgbà tó ti kúrò nínú ilẹ̀?

"Kọ ọ́ pé a nù ún," Kàmál ní. "Ṣebí a nù ún lóòótọ́."

Muhsinah mi orí. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Mi ò lè parọ́ sí i."

"Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, Muhsinah. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn ò ní fún ọ."

Kàmál wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ọmọ tí òun tọ́ dáadáa ló jókòó níwájú òun. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Kọ gbogbo rẹ̀. Kọ orúkọ mi sí i, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

Aago mọ́kànlá Ọjọ́bọ̀ ni fọ́ọ̀mù náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó tẹ̀ lé e, Kàmál kò kun ohun tí wọn ò bẹ̀ ẹ́ kùn. Husseinat rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá eré. Ìgbàkígbà tí fóònù Muhsinah bá dún, bàbá rẹ̀ a máa ronú pé ọwọ́ òun, tó fi bọ́ ọmọ yìí, ni òun tún fi ba ọjọ́ iwájú rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn ará àjọ náà ní àwọn fẹ́ bá Muhsinah sọ̀rọ̀ kí àwọn máa wo ojú ara àwọn. Ìyá òyìnbó arúgbó kan ló yọ lójú fóònù. Ó béèrè èyí, ó béèrè tọ̀hún, ó wá ní ṣé bàbá tó kun eegun wà nílé.

"Bàbá mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè o."

Kàmál tún fìlà ṣe. Ó ti múra láti tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò bú u. Irú fáníìṣì wo ni? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kùn ún? Kí ló lè ká a kúrò tí kò ní ba ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́?

Wọ́n ti bá Kàmál dé ilé rẹ̀. Ó gbàgbé ìtìjú. Ó ní èèyàn kò gbọ́dọ̀ da tínà lé e lórí láéláé, ó ní òwú ni wọ́n ń rẹ sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á kà dé ogún, wọ́n á nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ju òwú náà nù, wọ́n á mú òmíràn. Ó ní òun ti ká ọ̀dà tuntun kúrò lórí ti àtijọ́ rí tí ti àtijọ́ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá. Muhsinah ń túmọ̀, kò bá ẹnu rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ kẹta. Muhsinah kà á lẹ́ẹ̀kan, ó pariwo, ó tún un kà fún wọn. Wọ́n ti fún un. Wọ́n ní àwọn gba ẹni tó lè sọ àṣìṣe ilé rẹ̀ láìfi bò. Ó pe ilé ẹ̀kọ́ Kasarawa lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n wá tíṣà mìíràn.

"Ó ku ìlà kan, Bàbá," ó ní, ẹ̀rín ń pa á. "Wọ́n ní mi ò ka ẹni tí yóò tún eegun ṣe mọ́ ìnáwó mi. Wọ́n ti bá mi fi í sí i. Orúkọ yín ni wọ́n kọ síbẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́."

Husseinat kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Madalla! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, owó kí nǹkan lè dán lò ń gbà. Èyí ni wọ́n máa sanwó fún ọ kó má dán mọ́."

Kàmál ti lọ fọ ọwọ́, ó ti ń béèrè òwú. Ó jókòó ti eegun náà títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń rẹ òwú, ó ń kà, ó ń nù, Muhsinah sì jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, ibì kan tó tó èékánná ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ó ti rí lábẹ́ ẹrẹ̀ lọ́jọ́ tí Sùlè gbé e jáde.

"Wò ó bó ṣe burẹ́wà," Kàmál wí, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀.