Àṣìkẹ́ Kò Sá Mọ́

Apá òsì irùngbọ̀n Kòkúmọ́ ni Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá tán nígbà tí ìbọn dún lójú títì Ihunbo. Ó kọ́kọ́ gbé abẹ kúrò lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó wá tẹ́tí. Òmíràn tún dún.

"Wọ́n tún ti dé," ó ní.

Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bodè pa ni wọ́n ti ń fojú rí i. Àwọn onífàyàwọ́ á fi ọ̀kadà kó ìrẹsì gba àárín ìlú, àwọn aṣọ́bodè á gbá tẹ̀ lé wọn, ìbọn á sì máa dún lẹ́bàá ilé àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹni tó bá lè sáré á sá wọ oko. Tó bá rọlẹ̀, wọ́n á padà wá gbá àgbàlá, wọ́n á dáná. Kò ní pẹ́ tí yóò tún ṣẹlẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, ọmọlanke ni Àṣìkẹ́ fi gbé Kòkúmọ́ sá. Awakọ̀ ajágbé ni ọkùnrin náà kí rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá ọ̀tún. Ọmọlanke dojú dé sáàárín ebè, àwọn méjèèjì sì sùn sínú ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ògiri yàrá nínú ilé ni wọ́n ń jókòó sí tí ìbọn bá ń dún.

Azeezat, aládùúgbò wọn, ké láti ìta. "Màmá Toheebat, ẹ ò ní bọ̀ ni?"

"Máa lọ. Bá mi ti ilẹ̀kùn."

Ó ki ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábíyá, ó wọ́ ọ dé ẹ̀yìn ògiri, ó sì jókòó tì í. Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà á mọ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, bíi ẹni tó gbálẹ̀ tán tí adìẹ tún tú u.

Kòkúmọ́ tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀. "Fá... èyí tó kù."

"Nínú ìbọn yìí?"

"Bí wọ́n bá pa mí báyìí," ó sinmi, ó mí, "àwọn tó máa wẹ̀ mí á ní ìyàwó mi kì í parí iṣẹ́."

Àṣìkẹ́ wò ó. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ti jáde gbẹ̀yìn lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ẹ̀rín gbé e, ó fi ìborùn bo ẹnu, omijé ń bọ́. Kòkúmọ́ náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Àṣìkẹ́ rá pálá lọ mú abọ́ ọṣẹ wá, ó sì fá a díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, ìta ti dákẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìbọn dá.

Ní ìrọ̀lẹ́, Toheebat ọmọ wọn pè láti Ayétòrò.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá kó yín."

"A ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí. Oṣù méjì gbáko ni bàbá ẹ fi kọjú sógiri. Níbí, ó mọ ohùn gbogbo ẹni tó ń kọjá."

"Ìbọn ńkọ́?"

"Ìbọn wà." Ó bojú wo Kòkúmọ́. "Bàbá ẹ sọ̀rọ̀ lónìí, Toheebat. Ó pa mí lẹ́rìn-ín."

Azeezat ti oko tó sá sí dé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta. Ó sọ fún wọn pé àwọn aṣọ́bodè tún lè wá lọ́la. Àṣìkẹ́ ní òun gbọ́. Ó fẹ́ná, ó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi ẹ̀yinná, ó sì sún àga Kòkúmọ́ mọ́ ìdí ààrò kí ara rẹ̀ lè gbóná.