Ẹni Tó Fẹ́ Dá Sùn Létí Òkun

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìbítóyè, kò tíì dá sùn rí. Nílé bàbá rẹ̀ ní Iléṣà, orí ẹní kan náà ni òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sùn. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, inú yàrá kan ní Woolwich ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ara wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbéyàwó. Nígbà tí ìyàwó kú, Ìyèbíyè ọmọ rẹ̀ kó ọkọ àtàwọn ọmọ wá bá a ní Thamesmead, kí ó má baà dá wà. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ dá wà.

Bọ́ọ̀sì ló fi ayé rẹ̀ wà, tí ariwo èrò ń ti ẹ̀yìn bọ́ sí i létí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ló wù ú: kí ó wa mọ́tò rẹ̀ dé etí òkun, kí ó máa bá etí omi lọ sí gúúsù, kí ó máa pàgọ́ níbi tó bá wù ú, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó mú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí ewé ń wọ́, tí àwọn òyìnbó ti kúrò létí òkun.

Ó ra tẹ́ǹtì. Ìyèbíyè bá a ní pálọ̀ níbi tó ti ń nà án wò.

"Daddy, kí lèyí? Ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ lọ sùn létí òkun."

"Pẹ̀lú ta?"

"Èmi nìkan."

Ìyèbíyè wò ó títí. "Nínú òtútù yìí? Daddy, ẹ kì í ṣe òyìnbó o."

Ó pe Mummy Títílayọ̀, Ìyá Ìjọ wọn ní ìjọ aláṣọ funfun tó wà nítòsí òpópó Harrow Manorway, pé kí ó bá òun bá bàbá sọ̀rọ̀. Mummy Títílayọ̀ gbọ́ òkun, ó gbọ́ àgọ́, ó gbọ́ òun nìkan. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìjọ tiwọn, ìdí kan péré ló ń gbé àgbàlagbà lọ sétí òkun lóun nìkan. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Wòlíì Solomon kéde rẹ̀.

"Bàbá wa ń lọ wá ojú Olúwa létí òkun! Ẹ pariwo halelúyà!"

Ìbítóyè la ẹnu. Halelúyà náà pọ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó rò ó pé kò burú: ta ni yóò máa yọ ẹni tó ń gbàdúrà lẹ́nu?

Àṣé gbogbo ìjọ ni.

Kò tíì kọjá ìlú Deal létí òkun tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀. Francis, ará ìjọ kan, ní kí ó bá òun dárúkọ ìwé ìgbélùú òun. Ìléríolúwa ní kí ó gbé ìdánwò ìwakọ̀ òun síwájú òkun, nítorí kò tún yege. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn fi ń parí ọ̀rọ̀: "Daddy, kí lẹ rí?"

"Omi," ni Ìbítóyè wí.

Kí ó tó dé Folkestone, Wòlíì ti túmọ̀ omi náà: ìkún omi ìbùkún ni. Ìbítóyè pa ohùn fóònù rẹ̀. Ó pàgọ́ sí pápá kan nítòsí Dungeness, níbi tí òkúta wẹẹrẹ àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó din ẹyin, ó din sọ́sééjì, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Oúnjẹ dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ orin.

Bọ́ọ̀sì ìjọ ni. Ẹ̀rù ti bà wọ́n pé bàbá kò gbé fóònù mọ́, Ìyèbíyè sì ti fi fóònù tirẹ̀ wo ibi tí ti bàbá wà. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí òfin. Òkúta náà tutù, ó sì mú. Orin di "yéè, ẹsẹ̀ mi o!" Afẹ́fẹ́ pa gbogbo àbẹ́là. Òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ bọ̀ yí padà, òun àti ajá.

Wòlíì Solomon rí páànù.

"Daddy, kí nìyẹn?"

"Sọ́sééjì."

"Nínú ààwẹ̀?"

Ìbítóyè dìde. "N kò gbààwẹ̀. N kò gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni. Mo wá dá wà ni."

Wòlíì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ ò gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀ bí? Bàbá ti ṣínu ààwẹ̀! Bí kò bá tíì gba èsì, ṣé ó máa jẹun?"

Francis dì mọ́ ọn. Ìléríolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó. Wọ́n pín ìyókù sọ́sééjì jẹ, nítorí ó ti di ti ìdúpẹ́.

"Ọdọọdún la ó máa ṣe é," ni Francis wí. "Bọ́ọ̀sì ńlá la máa gbà. Daddy, ẹ̀yin lẹ máa wà á."

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Mummy Títílayọ̀ kò wọ̀ ọ́. Ó ti wọ bàtà, ó jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó kọjú sí omi. Wọ́n pè é, ó juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ.

"Ó ti wà nínú ẹ̀mí," ni Wòlíì wí. "Ẹ má dí i lọ́wọ́." Wọ́n lọ.

Ìbítóyè rìn tọ̀ ọ́ lọ.

"Mummy, bọ́ọ̀sì ti lọ."

"Mo rí i."

"Ṣé ìran lẹ rí ni?"

"Ìran wo? Ilé mi kún. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ kì í panu mọ́. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ láàárọ̀, mo sì gbà yín gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́hùn-ún."

Ó sún.

"Ẹ tún sún díẹ̀ sí i."

Òun nìkan ló gbà á gbọ́ nínú gbogbo ìjọ, ó sì níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìbítóyè ká tẹ́ǹtì rẹ̀ kí ó lè gbé e relé. Ìlú Hastings tó kù níwájú kù síbẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó fẹ́ sọ bí omi ṣe rí nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Mummy Títílayọ̀ ti dijú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Títí wọ́n fi dé Harrow Manorway, ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀.

Mummy Títílayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ tún ń lọ?"

"Èmi nìkan ni mò ń lọ o, Mummy."

"Mo mọ̀. Èmi náà, èmi nìkan ni mò ń lọ. Mọ́tò yín ṣáà ni n ó wọ̀."

Ó pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé. Ìbítóyè jókòó, ó rò ó síwá sẹ́yìn. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.